Èèpo ọsàn gbígbẹ ba ọbẹ̀ mi jẹ́, ṣé kì í ṣe oúnjẹ ni?

"Ẹ káàsán mà. Mo rí fídíò kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi èèpo ọsàn gbígbẹ se ẹran, ó sì wù mí. Àwa máa ń gé ọsàn sí mẹ́rin jẹ nílé ni, mo bá ń kó èèpo ẹ̀ jọ, mo sá a sórí páànù nínú oòrùn títí tó fi gbẹ, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo wá bu ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sínú ọbẹ̀ ẹran màlúù. Mummy, ó korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ. Ọkọ mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbé àwo sílẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀ gan-an ò jọ ti inú fídíò, tiwọn pupa rúsúrúsú, tèmi dúdú, ó tún ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ìyá ọkọ mi wá ní èèpo ọsàn kì í ṣe nǹkan téèyàn ń jẹ, pé iná ni wọ́n fi ń dá, ẹ̀fọn ni wọ́n fi ń lé, pé májèlé ni mo fẹ́ fún ọmọ àwọn jẹ. Ṣé lóòótọ́ ni, àbí kí ni mi ò ṣe dáadáa? Ìyàwó ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí."

Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́ ọbẹ̀ tó ṣòfò, mo mọ bí ẹran ṣe wọ́n lásìkò yìí. Èmi náà, Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ni mo wà, èròjà ọbẹ̀ ni mò ń sá tí mò ń lọ̀ tà, mo sì tún máa ń se oúnjẹ òde, èèpo ọsàn wà lára ohun tí mi ò kì í jẹ́ kó tán lọ́wọ́ mi, torí náà ọ̀rọ̀ ẹ yé mi dáadáa. Nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ìbéèrè ẹ: ṣé májèlé ni, kí ló mú kó korò, kí ló sì dé tí àwọ̀ ẹ̀ ò fi jọ ti fídíò. Mo fẹ́ tú wọn sílẹ̀ dáadáa, torí mo rí i pé oòrùn àti páànù lò ń fura sí, bẹ́ẹ̀ oòrùn kọ́ ló ba ọbẹ̀ yẹn jẹ́. Bí èèpo ṣe kúrò lára ọsàn ló bà á jẹ́, àti bó o ṣe bù ú pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ ìyá ni ká kọ́kọ́ gbọ́, torí òun ló lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé, má sì bá wọn jiyàn o, òótọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ. Èèpo ọsàn gbígbẹ ni àwọn ìyá wa fi ń dáná igi, ó ń jó geere, èéfín ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń lé ẹ̀fọn lálẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kó jó bẹ́ẹ̀ náà ló ń jẹ́ kó ta sánsán nínú ọbẹ̀. Mú èèpo ọsàn tútù kan, gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wàá rí àwọn ojú kéékèèké tó kún ara ẹ̀ bámúbámú, àpò epo ni gbogbo wọn. Tan àbẹ́là, ká èèpo yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó o sì fún un, àmọ́ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn o, wàá rí i tí epo máa fọ́n jáde tí iná á máa ta pàrà-pàrà lórí ẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù nínú epo yẹn ni wọ́n ń pè ní limonene, nínú epo èèpo ọsàn mímu ó máa ń ju 90 lọ nínú 100. Pé nǹkan ń jó ò wá sọ ọ́ di májèlé, epo pupa náà ń jó, a sì ń jẹ ẹ́. Èèpo ọsàn ti pẹ́ lórí tábìlì oúnjẹ láyé yìí: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣúgà sè é di máámàléèdì tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, àwọn ará Iran ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ìrẹsì ìgbéyàwó wọn, àwọn ará Japan ń lọ̀ ọ́ mọ́ ata gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní shichimi, ní gúúsù Faransé náà wọ́n máa ń ju èèpo ọsàn gbígbẹ kan sínú ẹran màlúù tí wọ́n ń fi wáìnì sè. So, lọ kí ìyá, sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n sọ, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe májèlé.

Ibi tí ọbẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an rèé. Ìpele méjì ni èèpo ọsàn. Èyí tó wà lóde, tó ní àwọ̀, tín-ín-rín ni, òun ló ni epo, òun ló ni òórùn. Èyí tó wà nínú, tó funfun tó rọ̀ bí òwú, kò ní òórùn kankan, ìkorò ló wà níbẹ̀. Tó o bá wá gé ọsàn sí mẹ́rin tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán, èèpo tó kù lọ́wọ́ yín, funfun ló pọ̀ jù lára ẹ̀, ìgbà tó o sá a tó o lọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun kíkorò lo lọ̀, òórùn kàn fara hàn níbẹ̀ ni. Wá lọ wo àwọn ìyá ọlọ́sàn ní Tàkíì tàbí ní Sábó, kó o dúró wo ọwọ́ wọn. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kékeré ni wọ́n mú, ọsàn ń yí lọ́wọ́ òsì, èèpo ń jáde gbọọrọ láìjá, láti orí títí dé ìdí, ó fẹ́lẹ́ débi pé tó o bá nà án sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á gba inú ẹ̀ kọjá, ọsàn fúnra ẹ̀ á wá funfun báláú kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí fún oníbàárà láti mu. Funfun yẹn ti kù sára ọsàn, èyí tó bọ́ sínú abọ́, òde tó ní epo nìkan ni. Àwọn alásè òkè òkun ń ra irinṣẹ́ pàtàkì kí wọ́n lè rí irú èèpo yìí bó, ìyá ọlọ́sàn tiwa ń fi ọ̀bẹ lásán ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo ẹ̀ wá ń lọ sí ààtàn. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ohun tó dáa jù nínú ọsàn fún ọbẹ̀ la ń gbá dànù yẹn.

Fídíò tó o wò, wọn ò purọ́ fún ẹ níbẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n lò kì í ṣe ohun tó o lò. Èèpo tanjarìn ni tiwọn, chenpi ni wọ́n ń pè é, èyí tó lókìkí jù ń wá láti Xinhui ní Guangdong, ní gúúsù Ṣáínà. Èèpo tanjarìn fẹ́lẹ́, ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń bó o, funfun inú ẹ̀ kéré, ìkorò ẹ̀ ò le, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sá a bẹ́ẹ̀ láìyọ nǹkan kan. Wọ́n á wá tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó kà á sí ojúlówó, àwọn mìíràn ń tọ́jú ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n á máa tún un sá lóòrekóòrè kó má bàa bu, bó ṣe ń pẹ́ sí i ni epo tó ń ta lẹ́nu ń dín kù tí adùn ẹ̀ ń balẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀, ẹyọ kan tàbí méjì ni wọ́n sì ń jù sínú ìkòkò. Ìwọ wá mú èèpo ọsàn mímu tó nípọn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, o lọ̀ ọ́, o bu ṣíbí mẹ́ta, kò lè bá ti wọn dọ́gba láé.

Ṣíbí mẹ́ta yẹn pọ̀ jù, kódà ká ní èèpo ẹ̀ dáa. Fún ẹran kílò kan, èèpo gbígbẹ kan tó gùn tó ìka ọwọ́ ti tó, tó bá jẹ́ lílọ̀, ìdajì ṣíbí tíì. Ibi tí wọ́n bá sì ti ní kó o lo èèpo tútù, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ni kó o bù tó bá jẹ́ gbígbẹ lo ní. Èmi fẹ́ràn kí n fi odindi sí ọbẹ̀ ju lílọ̀ lọ, torí odindi ṣe é yọ nígbà tí òórùn ẹ̀ bá ti wọlé tó, lílọ̀ ò ṣe é yọ, ìkòkò á máa hó, ìkorò tó bá kù lára ẹ̀ á máa jáde lọ bẹ́ẹ̀. O ò sì sọ fún mi ìgbà tó o dà á sí i. Tó bá jẹ́ inú òróró gbígbóná ni, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti kọ́rì bí a ṣe máa ń ṣe, á ti jó kó o tó fojú kan án, ìyẹ̀fun èèpo ọsàn máa ń tètè jó ju ata gbígbẹ lọ, tó bá sì ti jó, ìkorò iná ti kún ìkorò funfun nìyẹn. Omi ẹran ló yẹ kó bọ́ sí, nígbà tí ẹran bá ti fẹ́ máa rọ̀. Tó o bá ti fi bùlẹ́ńdà lọ ọsàn rí pẹ̀lú kóró àti funfun ẹ̀, wàá ti rí i pé ó dùn lówùúrọ̀, tó bá fi máa di alẹ́ ó ti korò. Nǹkan kan ló wà nínú kóró àti funfun yẹn tí kì í korò lákọ̀ọ́kọ́, kíkan inú omi ọsàn ló ń sọ ọ́ di kíkorò díẹ̀díẹ̀, limonin ni wọ́n ń pe èyí tó korò yẹn. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ gbọ́ pé funfun díẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ó ń ṣe é.

Irú ọsàn náà tún ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, tanjarìn ni kó fi bẹ̀rẹ̀, ọsàn mímu ló tẹ̀ lé e. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ dáa fún ẹja, àmọ́ ó tètè ń korò, díẹ̀ báyìí ni wọ́n ń fi sí i. Gréèpù, ọsàn ńlá tí wọ́n ń pè ní grapefruit, ni mo ní kó o fi sílẹ̀ pátápátá, kì í ṣe torí pé ó korò nìkan. Ní 1989, àwọn dókítà ní Kánádà ṣe ìwádìí kan lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ felodipine, wọ́n fi omi gréèpù fún àwọn èèyàn mu sí i, wọ́n wá rí i pé oògùn yẹn pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó wà nínú gréèpù ni kì í jẹ́ kí ìfun fọ́ oògùn bó ṣe yẹ kó fọ́ ọ, ó sì ń ṣe é sí oògùn mìíràn pẹ̀lú, títí kan àwọn oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bíi simvastatin, ohun náà sì wà nínú èèpo ẹ̀. Ọsàn kíkan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe máámàléèdì náà ní in. Ọsàn mímu àti tanjarìn ò sí nínú ẹjọ́ yìí. Tí ìyá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bi dókítà tó ń tọ́jú wọn kó o tó fún wọn ní ohunkóhun tó ní gréèpù nínú. Àwọn kan á tún sọ fún ẹ pé èèpo ọsàn ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ń wo ọgbẹ́ inú, mi ò ní sọ ìyẹn fún ẹ láé, èròjà ọbẹ̀ ni mò ń tà, ẹni tí ara ẹ̀ ò bá yá kó lọ sí ọsibítù. Ẹni tí àyà bá sì máa ń ta tó bá jẹ ọsàn, kó ṣọ́ra fún èèpo ẹ̀ náà.

Ti àwọ̀, fọkàn balẹ̀. Ọsàn tiwa lè pọ́n kó dùn rìnrìn kí èèpo ẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, torí òtútù alẹ́ ló ń lé àwọ̀ ewé yẹn kúrò lára ọsàn, alẹ́ tiwa kì í tutù tó. Àwọn tó ń gbin ọsàn ní Spain tàbí ní California ní òtútù yẹn, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ń pupa. Tó o bá sá èèpo tiwa, á ṣú, á di bíráùn tó fẹ́ jọ ewé, adùn ẹ̀ ò sì yàtọ̀. Tó bá wá dúdú kirikiri, tó tún ń rùn bí ilé tí omi ń jò sí, ìyẹn ti bu, dà á nù.

Wàyí o, bó o ṣe máa ṣe tuntun. Ra ọsàn tí wọn ò tíì bó, kó o fi omi iyọ̀ àti kànrìnkàn fọ ara ẹ̀ kó o tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ìyá ọlọ́sàn á fún ẹ ní èèpo lọ́fẹ̀ẹ́ tó o bá bẹ̀ wọ́n, àmọ́ ọsàn tí wọ́n fi lọ́rì kó wá nínú àpò ni, wọn ò fọ̀ ọ́, ẹṣinṣin ti bà lé e, èéfín mọ́tò ti bà lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ wù wá, àmọ́ fún ohun tó máa wọ ẹnu, mi ò fara mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun tó ń dán yinrin, fún mímu nìkan ni kó o fi í sí, wọ́n máa ń fi ǹkan bí àbẹ́là àti oògùn tí kì í jẹ́ kó bu kun èèpo ẹ̀. Tó o bá ti fọ tiwa tán, bó o gbọọrọ bíi tàwọn ọlọ́sàn, tí ọwọ́ ẹ ò bá tíì mọ̀ ọ́n, bó o bó ṣe rí, kó o fi etí ṣíbí ha funfun ẹ̀ dànù kó tó gbẹ. Tẹ́ ẹ sórí asẹ́ tàbí àtẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí oòrùn ò ti pa á tààrà. Páànù nínú oòrùn máa ń gbóná jù, epo tó yẹ kó wọ ọbẹ̀ á ti fò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló ń mú kó korò. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù nílùú wa, ọsàn pọ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ, láàárín ọjọ́ mélòó kan á ti gan. Nígbà òjò, fi iná ófùnù sí ìsàlẹ̀ pátápátá kó o ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ díẹ̀, tó ò bá ní ófùnù, dúró de ọyẹ́, torí èèpo tó bá gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ á ti bu. Jọ̀ọ́, má sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ la ti ń sá láfún àti èlùbọ́, mo ti ń bá àwọn èèyàn wa jà lórí ẹ̀ tipẹ́, eruku táyà àti èéfín tó ń bà lé e, àwa náà là ń jẹ ẹ́.

Tó bá gbẹ, tó o bá ṣẹ́ ẹ ó gbọ́dọ̀ dún kẹ́, tó bá ṣì ń tẹ̀, padà sá a. Inú ìgò tó ní ìdérí tó le ni kó wà, odindi, níbi tí oòrùn ò dé, ìgbà tó o bá fẹ́ lò ó ni kó o lọ ìwọ̀nba, torí lílọ̀ kì í pẹ́ kí òórùn ẹ̀ tó tán. Èèpo tútù pàápàá, má kó o sínú ike fúnfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ fún oníbàárà, epo ọsàn máa ń yọ́ ike yẹn, fún èèpo ọsàn sí i lára kó o wò ó.

Ohun tó o máa fi sè náà ní ibi tó mọ. Ó bá ẹran mu gan, màlúù, àgùntàn, pàápàá ẹran òbúkọ tí òórùn ẹ̀ máa ń le, ó bá ẹja àrọ̀ oníata mu, ó bá sóbò mu tó o bá jù ú sí i nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó dáa nínú kéèkì, nínú ṣinṣín, nínú tíì pẹ̀lú atalẹ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù náà gbà á tó bá kéré. Gbẹ̀gìrì àti ewédú ńkọ́? Má dán an wò. Irú ló ń ṣe ọbẹ̀ wọ̀nyẹn, irú àti èèpo ọsàn ò lè jókòó pọ̀ nínú ìkòkò kan, ọ̀kan á pa ìkejì. Kò sì lè rọ́pò ata tàbí àlùbọ́sà, kò lè gba ẹran tó ti fẹ́ máa bàjẹ́ là, òórùn ló ń fi sí oúnjẹ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó o ti lọ̀ tó kù nílé, kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí i, funfun ti wọ inú ẹ̀, fún ìyá kí wọ́n fi dáná. Àmọ́ tó bá ku èyí tó ò tíì lọ̀, rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kó rọ̀, ha funfun ẹ̀ kúrò, bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó o máa da omi ẹ̀ nù, bí àwọn ará Iran ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn kí ìkorò lè dín kù. Òórùn ẹ̀ náà á dín kù o, mi ò ní purọ́ fún ẹ, á kàn ṣe é lò nínú kéèkì tàbí kó o fi ṣúgà sè é. Fún ọbẹ̀, bó tuntun. Nígbà tó o bá tún fẹ́ bọ ẹran, jẹ́ kó kọ́kọ́ fẹ́ máa rọ̀, ju èèpo kan ṣoṣo sí i, ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tọ́ omi ẹran wò. Tí òórùn ẹ̀ bá ti tó ẹ, yọ ọ́ kíákíá kó o tó da ata lílọ̀ sí i. Omi ẹran yẹn ni kó o kọ́kọ́ bù fún ìyá kí wọ́n tọ́ wò.